Tàdáwà Òòfà: Bí Nọ́ńbà Ṣe Gba Ipò Orúkọ ní Báǹkì

Ẹ̀yin òǹwòran wa, bí ẹ bá mú ìwé sọ̀wédowó lọ́wọ́, ìbáà ṣe ti báǹkì Nàìjíríà níhìn-ín, ẹ ó rí ìlà nọ́ńbà dúdú kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibì kan lára nọ́ńbà wọ̀nyí ki, ibòmíràn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìtàn ìlà yìí ni a fẹ́ sọ, nítorí inú rẹ̀ ni a ó ti rí bí báǹkì ṣe fi orúkọ ènìyàn sẹ́yìn, tí ó sì di nọ́ńbà mú.

Kalifóníà ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, sọ̀wédowó pọ̀ ní Bank of America tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ fi ń ti ilẹ̀kùn ní aago méjì ọ̀sán, kí àwọn akọ̀wé, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, lè rí àyè parí ìṣirò. Ní 1950, báǹkì náà bẹ Stanford Research Institute lọ́wẹ̀ pé kí wọn wá ẹ̀rọ tí yóò gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ohun tí àwọn onímọ̀ náà kọ́kọ́ bá pàdé kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin rárá. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Orúkọ oníbàárà ni báǹkì náà fi ń to ìwé, ní ìlànà ábídí. Bí ẹni tuntun bá dé, àárín àwọn ti àtẹ̀yìnwá ni wọn yóò ti wá àyè fún un. Ètò yìí kò bá ẹ̀rọ lára mu. Wọ́n ní kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà, kí ẹni tí ó bá dé kẹ́yìn gba èyí tí ó kàn. Àwa tí à ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ kò lè gbọ́ èyí kí ó má kọ wá lóminú díẹ̀.

Ó wá ku bí ẹ̀rọ yóò ṣe ka nọ́ńbà. Bí òǹtẹ̀ tàbí ìfọwọ́sí bá gba orí rẹ̀ kọjá, ojú ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè dá a mọ̀ mọ́. Ni wọ́n bá po ìpẹtà irin mọ́ tàdáwà. Bí ìwé náà bá ti ń kọjá, òòfà yóò kọ́kọ́ fún tàdáwà yìí lágbára. Etí ẹ̀rọ (n kò jẹ́ pè é ní ojú mọ́) yóò sì gbọ́ bí agbára náà ti ń lọ sókè sódò lára nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ lásán kò ní irin nínú, kò sì dí i létí. Ìdí nìyí tí ibì kan fi ki tí ibì kan fi tẹ́ẹ́rẹ́: kí ohùn 2 má baà jọ ohùn 5, gẹ́gẹ́ bí ohùn ti ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀.

Ní 1955 ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà, ERMA, han gbogbo ayé. Ní 1958, ẹgbẹ́ àwọn oníbáǹkì Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìkọ̀wé E-13B: nọ́ńbà mẹ́wàá àti àmì mẹ́rin. Ilẹ̀ Faransé ní tirẹ̀ lo CMC-7, tí a fi ọ̀pá méje-méje ya. Ní tèmi, ohun tí ó yẹ kí a yìn jù ni pé akọ̀wé tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ojú lásán ka méjèèjì.

Ní oṣù kẹsàn-án 2001, nígbà tí a dá ọkọ̀ òfurufú dúró ní Amẹ́ríkà, sọ̀wédowó há sójú kan. Òfin 2003 wá gbà pé kí a tẹ àwòrán sọ̀wédowó dípò ìwé gan-an. Síbẹ̀, àwòrán náà gbọ́dọ̀ ní ìlà tàdáwà òòfà ní ìsàlẹ̀.