Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r: láti etí Odò Ọya dé Katako

Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn Niamey á rí i pé ẹnu àwọn òpìtàn kò kò. Ìwé kan á ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló di olú-ìlú, òmíràn á ní 1926. Orúkọ ìlú gan-an ní ìtàn mẹ́ta. Mo ṣa ohun tó ṣe é gbára lé jọ síbí, mo sì fi ọjà Katako kún un, torí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìlú náà sábà máa ń fò ó dá.

Odò Ọya ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Òkè Gíní ló ti ṣàn wá, ó gba Málì kọjá, ó dé Niamey, lẹ́yìn náà ló wọ Nàìjíríà tó sì kan Jẹ̀bá. Ní Niamey, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń kún lọ́dún. Àkọ́kọ́ máa ń pọ́n, òjò àdúgbò ló ń fà á ní nǹkan bí oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Èkejì ni omi òjò Gíní, tó máa ń pẹ́ nínú irà Málì. Ọyẹ́ á ti mú, òjò á ti dá, kí omi ọ̀hún tó wọlé. Ìyẹn ló jẹ́ kí apẹja àti olóko rí ibẹ̀ gbé tipẹ́ kí Faransé tó dé.

Lórí orúkọ, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Àwọn kan ní igi kan tí wọ́n ń pè ní nyame ló wà létí odò, ìdí rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ dó sí. Àwọn mìíràn ní Kouri Mali, olórí àwọn Kallé, ló pàṣẹ fún àwọn èèyàn rẹ̀ lédè Zarma pé kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n gba ilẹ̀ náà, tí àṣẹ ọ̀hún wá di orúkọ. Ìtàn kẹta la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ìyá àti etí omi: ibi tí ìyá ti ń pọnmi. Ti igi ni mo fara mọ́. Ìtàn tó bá ti ní ẹnu olóyè ni orúkọ ti jáde, ìdílé kan ló sábà máa ń fi di ilẹ̀ mú. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí. Orúkọ igi kò sì ṣàjèjì: àwa náà ṣáà ní Ìdí-Ìrókò àti Ìdí-Àràbà.

Ní ti ẹni tó kọ́kọ́ dé láàrin Kallé, Maouri àti apẹja Songhai, mi ò ní fa ìyẹn gùn. Abúlé wọn wà nítòsí ara wọn, wọ́n sì di ìlú kan.

Ọ̀rọ̀ olú-ìlú rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Àwọn ọmọ ogun Faransé ló kọ́ bárékè sí Niamey ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe olú-ìlú. Lẹ́yìn náà ni Zinder, ní ìlà-oòrùn, gba ipò náà, títí Gómìnà Jules Brévié fi gbé e padà wá ní 1926. Zinder sún mọ́ ààlà Nàìjíríà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ọ̀nà òwò àwọn Haúsá ibẹ̀ sì lọ tààrà sí Kánò. Ọkàn Faransé ò balẹ̀. Omi tún wọ́n níbẹ̀. Ní Niamey, odò wà, Dahomey tó lọ sí etí òkun sì wà lọ́wọ́ Faransé. Àwọn òyìnbó mú ibi gíga, àfonífojì Gounti Yena sì là wọ́n kúrò lára Zongo, ibùdó àlejò tó dà bíi Sábó tiwa, àti àwọn àdúgbò ìbílẹ̀ yòókù.

Òmìnira dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 1960. Owó uranium tí wọ́n ń wà ní Arlit bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní àárín 1970 sí 1980, ọ̀dá 1973 àti 1984 sì lé àwọn olóko wá sígboro. Nígbà ìkànìyàn 2012, èèyàn 1,026,848 ló wà ní Niamey.

Orúkọ àdúgbò ló sọ bí àwọn tó wá sí ìlú ṣe rí ilé gbé. Boukoki: lédè Haúsá, bukka ni ahéré koríko, bukkoki sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bùkà tí à ń jẹun ní Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ló ti wá. Katako: pákó ni, lédè Haúsá kan náà. Ilẹ̀ Zarma ni Niamey, àmọ́ oníṣòwò Haúsá ló sọ ọjà yìí lórúkọ. Kò jìnnà sí Ọjà Ńlá, èyí tí iná jó ní 1982.

Ní Katako, pákó ni wọ́n tò gàgàrà, torí ilẹ̀ Sahel kò ní gẹdú. Láti gúúsù ni ọkọ̀ ti ń kó o wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó ni àwọn oníṣẹ́ irin wà. Ẹnìkan á dá dúrọ́ọ̀mù epo tó ti ṣófo dùbúlẹ̀, á gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, á la ikùn rẹ̀ gbọọrọ, á wá máa fi òòlù lù ú títí á fi tẹ́ bí ẹní. Àwọ̀ tí wọ́n kùn ún tẹ́lẹ̀ ṣì lè hàn nínú àpótí tí á fi ṣe, tí ìyàwó tuntun á kó aṣọ sí. Ẹlòmíràn á fi ṣe àdògán. Ẹni kẹta ń yọ́ àlòkù àlùmíníọ̀mù, á dà á sínú iyanrìn tí wọ́n ti fi ìkòkò tẹ̀, ìkòkò tuntun á jáde. Kò sí ohun tí wọ́n ń sọ nù níbẹ̀, mo sì ka iṣẹ́ wọn sí ọ̀kan lára iṣẹ́ tó gbé Niamey ró.

Ìjọba náà ti yí padà ní Niamey: ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2023, àwọn ológun lábẹ́ Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum. ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ààlà, ó sì di oṣù kejì 2024 kó tó ká ìjẹníyà náà kúrò. Nìjẹ̀r fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2025. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ìwé òfin tuntun sọ Haúsá, èdè tí wọ́n fi sọ Katako lórúkọ, di èdè orílẹ̀-èdè. Faransé wá di èdè iṣẹ́ lásán.