Ibi Tí Àṣìṣe Ti Ṣẹ̀

Ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ National Instruments ní Austin, ní Amẹ́ríkà, gbé LabVIEW jáde. Jeff Kodosky ló léwájú iṣẹ́ náà. Dípò kí a kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, àpótí ni a ń tò, tí a ń fi okùn so pọ̀, bí ẹni ń fa wáyà iná sílé ní Mushin.

Okùn kan wà tí ń gbé ìròyìn àṣìṣe. Bí àpótí kan bá ṣìṣe, ọ̀pọ̀ tó tẹ̀lé e kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn a kàn fi ìròyìn náà lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń tún ti ìkẹyìn ṣe, asán ló ń ṣe. Ẹ tọ okùn padà dé àpótí àkọ́kọ́ tó ṣìṣe. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.