Cactus àti Oró: Ìtàn Ẹlẹ́gùn-ún Inú Ìkòkò Yín

Ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsolò tí oko yín kò ju ìkòkò mẹ́ta lójú fèrèsé lọ, ẹ̀yin gan-an la ń bá wí lónìí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Èkó kó ọjà ẹ̀gbẹ́ títì Òṣòdì kúrò, wọ́n sì gbin koríko àti òdòdó sí àyè rẹ̀. Àwọn olódòdó sì ń ta tiwọn lẹ́bàá títì káàkiri Èkó. Bí ẹ bá ra kékeré kan tó ní ẹ̀gún lọ́wọ́ wọn, cactus ni wọ́n máa pè é fún yín. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ oró. Kí ẹ tó pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀, ẹ mọ èyí tó jẹ́, torí àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni cactus ti wá. Lẹ́yìn ìrìn àjò Christopher Columbus lọ́dún 1492 ni ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí gbé e káàkiri ayé. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìdílé rẹ̀ ló ń hù nínú igbó Áfíríkà láìjẹ́ pé ènìyàn gbìn ín: Rhipsalis ni, ó máa ń rọ̀ lára igi, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹ̀gún. Ẹ̀gún ni ohun ìjà àwọn yòókù.

Oró ń kọ́? Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà lọ̀pọ̀ nínú wọn. Juba Kejì, ọba Mauretania ní àríwá Áfíríkà, tó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n bí Jésù, ló fi orúkọ oníṣègùn rẹ̀, Euphorbus, sọ oró kan tó ń hù lórí òkè Atlas. Títí dòní, Euphorbia ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé oró. Pliny ará Róòmù kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tó ń gba oje rẹ̀ kì í sún mọ́ ọn: òkèèrè ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá gígùn sá a, wọ́n á sì fi àpò ikùn ọmọ ewúrẹ́ gba oje náà. Àwọn Hausa fi oró ṣe ọgbà yí oko ká, àwọn ọdẹ sì ń po oje rẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ń fi sí ẹnu ọfà. Àwọn baba tiwa kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí a ṣe ń pe oró ejò náà la ṣe ń pè é. Èyí tó ní òdòdó pupa wẹ́wẹ́ tí a ń rí lágbàlá, Madagascar ló ti wá. Milius, tó jẹ́ gómìnà erékùṣù Réunion, ló mú un dé ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1821.

Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ gún un díẹ̀, kí ojú yín jìnnà. Bí oje funfun bá yọ bíi wàrà, ẹ mú un bí oró.

Àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ ló dára jù láti pààrọ̀ ìkòkò; òjò oṣù kẹfà tiwa yìí máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò tó ti ṣẹ́ rà. Ẹ má bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìkòkò tuntun kò gbọ́dọ̀ fi ju ìbú ìka kan lọ, kó sì ní ihò nídìí. Ẹ po yanrìn tó le mọ́ erùpẹ̀, ìdajì-ìdajì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti awò ojú, ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ẹ ká ìwé ìròyìn bí ìgbànú, ẹ fi gbá ọrùn rẹ̀ mú, kí ẹ sì dojú ìkòkò dé díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá gbìn ín tán, ó di ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fún un lómi. Ègé tó bá já, ẹ má jù ú sí gọ́tà, torí ibi tó bá balẹ̀ sí ló máa ta gbòǹgbò sí.

Bí oje bá kan ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Bó bá ta sójú, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, bí ìrora tilẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ má kán ọmú sí i, ẹ má kán ìtọ̀, ẹ má kán omi ṣúgà. Ẹ di ègé igi náà sínú ọ̀rá, kí ẹ mú un dání fún dókítà.