ÌWÉ INÚ ÀPÓTÍ ÀÁFÁÀ: YÁ A, DÀ Á KỌ, DÁ A PADÀ

   

Ọ̀rọ̀ mi lọ́dún yìí dá lórí àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí àwọn àáfáà àtijọ́ fi sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju mẹ́ta lọ: ká yá ìwé, ká dà á kọ, ká dá a padà fún onílé. Ìtàn ẹ̀sìn wa gan-an ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Lẹ́yìn tí Ànábì papòdà, ọ̀pọ̀ àwọn tó há Al-Kùránì sórí kú sójú ogun Yamama. Ẹ̀rù ba Sayyidinà Umar. Ó lọ bá Sayyidinà Abubakar pé kí wọ́n kó Al-Kùránì jọ sínú àkọsílẹ̀. Abubakar kọ́kọ́ lọ́ra, torí Ànábì fúnra rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbà, ó sì gbé iṣẹ́ náà lé Zayd ọmọ Thabit lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ yìí wà lọ́dọ̀ Abubakar, ó wá kan Umar, kó tó di pé ó bọ́ sọ́wọ́ Hafsa, ọmọ Umar, ìyàwó Ànábì.

Nígbà tó di àsìkò Sayyidinà Uthman, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí kíkà. Kí ni Uthman ṣe? Kò fi agbára gba ìwé lọ́wọ́ Hafsa. Ó ránṣẹ́ sí i pé kó yá àwọn, àwọn á dà á kọ, àwọn á sì dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Wọ́n dá ti Hafsa padà fún un, wọ́n sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá.

Àwọn kan á ní, “Àáfáà, ṣebí Uthman náà ní kí wọ́n jó ìwé?” Òótọ́ ni, ó ní kí wọ́n jó àwọn àkọsílẹ̀ yòókù kí ìjà má baà wà. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn tí wọ́n ti dà á kọ tán ni! Ẹni tó jó ìwé tí kò ní ẹ̀dà kankan láyé, kò lè sọ pé Uthman lòun ń tẹ̀ lé.

NÍ ILẸ̀ TIWA

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Orúkọ “Yorùbá” tí à ń jẹ́ yìí, lára àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí a ti rí i ni ìwé Mi'raj al-Su'ud, tí Ahmad Baba, àáfáà ńlá ará Timbuktu, kọ ní 1615. Ó kà wá mọ́ àwọn tí kò tíì gba ẹ̀sìn nígbà náà. Kí Ọlọ́hun forí jì í, ká ní ó lè rí Ìkòtún lọ́jọ́ Jímọ̀! Àwọn tó da ìwé náà kọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni kò jẹ́ kó parun, títí a fi tẹ̀ ẹ́ ní Rabat, ilẹ̀ Mòrókò, ní 2000.

Ẹ tún wo Ìlọrin. Ní 1912, Ahmad ọmọ Abubakar, tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ikokoro, fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn àwọn ẹ́míà Ìlọrin. Ní 1964, wọ́n dá ibi ìkójọ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. John Hunwick wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà Uthman ni wọ́n gbà: wọ́n á yá ìwé lọ́wọ́ onílé, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ sórí fíìmù, wọ́n á dá a padà. Nínú ìwé ìròyìn wọn ni B. G. Martin ti gbé ìtàn Ìlọrin náà jáde ní 1965. Ohun tó jẹ́ ti ìlú kan di ti gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tó gba ohun ìní onílé.

Ẹ̀wẹ̀, títẹ̀ ìwé kì í ṣe iṣẹ́ òyìnbó nìkan. Láti Ẹgbẹ́dá, ẹni tó bá gba Ìyànà Ìpájà kò ní pẹ́ dé Agége, níbi tí Sheikh Adam Abdullah al-Ilori (1917 sí 1992) gbé Markaz wá láti Abẹ́òkúta ní 1955. Bàbá kọ ìtàn àwọn àáfáà wa, wọ́n sì ní ilé ìtẹ̀wé tiwọn. Ọ̀pọ̀ àáfáà ni ìbá ti di ẹni ìgbàgbé bí kò bá sí àwọn ìwé wọ̀nyẹn.

OHUN TÍ MO RÍ NÍ ALÍMÒṢỌ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìkòtún, Ìgàndò àti Ẹgbẹ́dá, àjèjì ni wá. A ti Ìlọrin, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìsàlẹ̀ Èkó wá, a sì ru àpótí bàbá wa dání. Bí àáfáà bá kú, ilé-ìwé òyìnbó làwọn ọmọ lọ, wọn ò lè ka ohun tó wà nínú àpótí. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé oògùn ni. Àwọn kan ní ìwé mímọ́ ni, kò gbọdọ̀ délẹ̀, ẹ jẹ́ ká sun ún. Mo wà níbi òkú àáfáà kan tí wọ́n ti dáná sun odidi àpótí méjì kí ogójì ọjọ́ tó pé. Mo rí abala kan tí iná kò tíì jó: Yorùbá ni, hárúfù Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́. Orúkọ àwọn tó bá bàbá kéwú ló wà níbẹ̀, àti ọdún tí oníkálukú parí Al-Kùránì. Taa ni yóò tún sọ ìyẹn fún wa?

Àwọn tó mọyì tiwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ajàjàgbara gba Timbuktu ní 2012, àwọn onílé àti àwọn olùtọ́jú ìwé kó ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé sínú àpótí irin, wọ́n gbé e gba orí ilẹ̀ àti orí odò lọ sí Bamako. Èyí tí wọ́n rí jó ní January 2013 jẹ́ nǹkan bí 4,000. Ní Gujarat, ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Jain ní ọjọ́ kan lọ́dún tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ wọn síta, tí wọ́n ń nu eruku rẹ̀. Ní ìlú Patan, wọ́n kó ìwé tó fọ́n ká sí ilé kan ṣoṣo ní 1939. Wọn kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́jú ìwé bàbá rẹ̀, ó yẹ ká wo ọwọ́ rẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

Kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ kan lọ́dún, kí onílé gbé àpótí wá. Àwọn ìwé yìí kì í sábà ní ìdìpọ̀, ewé lásán ni nínú àpò awọ. Nítorí náà, ẹ má da ewé wọn rú. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ẹ rí nísàlẹ̀ ojú ewé, òun ló bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó kàn. Ẹ wo ìparí ìwé, ibẹ̀ ni orúkọ ẹni tó dà á kọ àti ọjọ́ sábà máa ń wà. Ẹ má fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù tò ó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà wà ní ibi méjì ó kéré tán, kí onílé sì gbé àpótí rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí ṣe pàtàkì: ẹni tí a bá gba ìwé rẹ̀ tí a kò dá padà, kò ní fi òmíràn hàn wá mọ́, yóò sì kìlọ̀ fún ará àdúgbò.

Ìmọ̀ tí ènìyàn fi sílẹ̀ tí ó ń ṣe ẹ̀dá láǹfààní, ẹ̀san rẹ̀ kì í dópin. Bí a bá jó ìwé àáfáà, a ti dí ojú odò ẹ̀san náà ni. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ ká wà lára wọn. Kí Ó kẹ́ àwọn àáfáà wa tó ti lọ, kí Ó sì jẹ́ kí ọmọ wa lè ka ohun tí wọ́n kọ. Àmín.