Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Ka Ìbò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń ka ìbò nílẹ̀ wa. Bí ìdìbò bá parí, wọ́n á ṣí àpótí lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n á mú ìwé kọ̀ọ̀kan jáde, wọ́n á fi hàn, wọ́n á pe ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí kò mọ ìwé rárá lè fi òkúta wẹ́wẹ́ kà á pẹ̀lú wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ilẹ̀ Hóláńdì, ní Yúróòpù, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń dìbò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú tẹ́lẹ̀. Olùdìbò á tẹ ojú ibi tí orúkọ ẹni tí ó fẹ́ wà, ẹ̀rọ á fi í pamọ́ sínú ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá di alẹ́, ẹ̀rọ á sọ iye ìbò. Ó yá, kò sì ní wàhálà. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí a lè tún kà. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni abẹ gé.

Ní ọdún 2006, àwọn kan níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni "A kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ ìdìbò." Ilé iṣẹ́ Nedap ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yìí ti sọ pé ìbò nìkan ni ó mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó lè ta ṣẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ayò òyìnbó tí ó ní ọba, kí wọ́n wá fi han òun. Kí ni ẹgbẹ́ yìí ṣe? Wọ́n wá ẹ̀rọ náà rí, wọ́n ṣí i, wọ́n pààrọ̀ ọpọlọ kékeré tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìdìbò bẹ̀rẹ̀ sí ta ṣẹ́ẹ̀sì! Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ́ ọ ní irọ́: ó ń gba ìbò ẹnì kan fún ẹlòmíràn, ojú olùdìbò kò sì rí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni pípààrọ̀ náà gbà. Ní ọdún 2008, ìjọba Hóláńdì padà sí ìwé àti pẹ́ńsù pupa.

Ilẹ̀ Jámánì náà lo ẹ̀rọ Nedap nínú ìdìbò ọdún 2005. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 èèyàn ló fi dìbò. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lórí òfin ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2009, àwọn adájọ́ ní lílo àwọn ẹ̀rọ náà kò bá òfin mu. Wọ́n ní ó yẹ kí ará ìlú lè yẹ ìdìbò wò fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ní ìmọ̀ kan tí ó ṣàrà ọ̀tọ̀. Èmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, nítorí ó kan àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà. Àmọ́ wọn kò fagi lé ìdìbò náà, nítorí kò sí ẹ̀rí pé wọ́n jí ìbò.

Ti ilẹ̀ Áyálándì ló pa mí lẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ owó ìlú. Wọ́n ra ẹ̀rọ yìí tí ó lé ní 7,000. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 50 yúrò. Ọdún 2002 nìkan ni wọ́n lò ó, ní agbègbè díẹ̀. Ní ọdún 2012, wọ́n tà wọ́n fún àwọn tí ó ń tú irin àlòkù, ní nǹkan bíi 70,000 yúrò. Ìyẹn jẹ́ bíi mílíọ̀nù 46 nínú owó CFA tiwa.