Ọ̀ọ̀dẹ̀, Ìyẹ̀wù àti Pèpéle: Orúkọ fún Ilé tí a ti ń Kọ́ Èdè

Kí yunifásítì tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa kọ́ èdè, orúkọ àwọn yàrá ni yóò kọ́kọ́ wà lórí ìwé. Orúkọ yẹn ni ayàwòrán-ilé máa fi yàwòrán, òun ni kọńtírátọ̀ máa fi ṣírò owó, òun náà ni káfíńtà máa fi kan àga. Bí a bá pe yàrá kan ní yàrá ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ni wọn yóò kó síbẹ̀. Bí a bá pè é ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọn yóò wá ìjókòó tí ènìyàn fi ń kọjú síra wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ń bá wọn kọ́lé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́.

Likosi ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́bàá Ògìjó, níbi tí ọ̀nà Ṣágámù ti ń na ọwọ́ sí Ìkòròdú. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò jìnnà sí wa. Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn, ẹ̀ka ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣágámù, Gateway Polytechnic wà ní Sàápàdé, yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi orúkọ Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, pè sì wà ní Ìjàgun nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ tó bá jáde láti àdúgbò wa ti ń gbọ́ ju èdè kan lọ kó tó wọ yunifásítì. Ẹ̀ka-èdè Rẹ́mọ ni ìyá àgbà ń sọ nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ti ìwé àti rédíò, Gẹ̀ẹ́sì ni ti kíláàsì, Hausa ni ti àwọn oníṣòwò obì ní Sábó Ṣágámù, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ògìjó sì ti kó ará ibi gbogbo wá bá wa gbé. A kì í ṣe aláìní etí. Ibi tí a lè jókòó sí kí á kọ́ èdè ẹlòmíràn dáadáa ni kò sí.

Àwọn àgbà ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1970 ni iṣẹ́ Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá ṣagbátẹrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì rẹ̀ ní ọdún 1990, kí olùkọ́ lè rí ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ohun tí olùkọ́ ń kọ́ni ti ní orúkọ, ọ̀nà tó ń gbà kọ́ni náà ti ní. Ilé tó yí wọn ká ló kù. Ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé Yorùbá kì í ṣe aláìní nínú ọ̀rọ̀ ilé. A ní ìloro, ọ̀ọ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àkòdì, ìyẹ̀wù, àgbàlá, gbàgede, kọ̀bì, ojúde àti àtíbàbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń sọ ẹni tó lè wọ ibẹ̀ àti ohun tí wọ́n lè jọ ṣe níbẹ̀. Inú àpò yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yàrá tó lókìkí jù lọ nínú ilé ẹ̀kọ́ èdè, èyí tí wọ́n ń pè ní *language laboratory*. Ralph Waltz ló fún un lórúkọ yẹn ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1930. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún ààbò ìlú ní ọdún 1958, lẹ́yìn tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti ju sátẹ́láìtì sójú ọ̀run, owó rọ̀ sórí ẹ̀kọ́ èdè, yàrá báyìí sì tàn ká ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sínú àgọ́ kékeré, á fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, á máa sọ ohun tó gbọ́ tẹ̀lé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ sọ ọ́ di Yorùbá, "yàrá àyẹ̀wò èdè" ló kọ́kọ́ wá sẹ́nu ọ̀pọ̀ wa.

Mo fi orúkọ yìí síwájú ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe bírikìlà ní Likosi, tó ti kọ́ kíláàsì rí. Mo bi í pé kí ló máa ṣe bí wọ́n bá ní kó kọ́ yàrá àyẹ̀wò èdè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó nílò síńkì. Ẹ ó nílò táìlì láti ilẹ̀ títí dé àyà ògiri, kí wọ́n lè máa fi omi fọ̀ ọ́." Kò ṣì mí gbọ́ rárá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ìtọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gbé wá sí i lọ́kàn, bí yóò ṣe gbé e wá sí ẹnikẹ́ni tó ti lọ sí ọsibítù lọ́kàn. Ó wá bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Mo ní wọ́n ń gbọ́ ohùn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, láìjẹ́ kí ẹlòmíràn dí wọn lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyẹ̀wù ni ẹ ń wí nìyẹn. Kó wà nínú lọ́hùn-ún, kó má tóbi, kí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ má kọjú sí títì."

Ìyẹ̀wù ni mo fara mọ́ láti ọjọ́ náà: ìyẹ̀wù-ohùn. Yàrá inú yàrá ni ìyẹ̀wù, ibi tí èrò kì í ya sí. Tí a bá fi í síwájú oníṣẹ́, ó ti sọ fún un pé kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kó kéré, kó dákẹ́. Táìlì tí orúkọ àkọ́kọ́ ìbá mú wá gan-an ló sì ń ba ìgbọ́ràn jẹ́, nítorí pé ohùn tó bá kọlu ògiri dídán bẹ́ẹ̀ kì í kú síbẹ̀, ńṣe ló ń ta padà.

Ní ibi ọ̀rọ̀ ohùn yìí ló ti yẹ kí Yorùbá ṣọ́ra ju àwọn mìíràn lọ. Ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: àlejò tó ń kọ́ èdè wa gbọ́dọ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ àárín wọn kó tó lè pè wọ́n, ohùn nìkan ni ìyàtọ̀ náà sì wà. Bí sílébù àkọ́kọ́ bá ṣì ń rìn kiri inú yàrá nígbà tí èkejì jáde lẹ́nu olùkọ́, ohùn ìsàlẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ohùn òkè, akẹ́kọ̀ọ́ á wá rò pé etí òun ni kò dáa. A ní gbohùngbohùn fún ohùn tó lọ tó sì padà wá bíi ti ẹni tó kígbe lábẹ́ àpáta. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wí yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ohùn kò padà, kò tíì tán ni. Mo dábàá àṣẹ́kù-ohùn fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ṣeé lò fún ìwọ̀n pẹ̀lú: ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún kíláàsì kékeré ni pé kí àṣẹ́kù-ohùn má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 0.6, kí ariwo tí a bá nílẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ má sì kọjá desibẹ́ẹ̀lì 35.

Ẹ wo "ariwo tí a bá nílẹ̀" yẹn. Mo ti gbìyànjú láti fún un pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo rí ló le lẹ́nu ju ohun tó ń sọ lọ. Gbólóhùn kékeré tí oníṣẹ́ máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà sàn ju ọ̀rọ̀ aláwẹ́ márùn-ún tó nílò àlàyé. Ilẹ̀ wa sì mọ ariwo yìí dáadáa: jẹnẹrétọ̀, fáànù, òjò lórí páànù, ọkọ̀ akẹ́rù ní màrosẹ̀. Òoru ló mú un le. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ń kọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, wọ́n fi ògiri oníhò-oníhò gba atẹ́gùn wọlé. Ó tutù, ó dára, ṣùgbọ́n ihò tó gba atẹ́gùn wọlé gba ariwo wọlé. Ẹni tó bá wá dí gbogbo ihò yóò fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, amúlétutù á fẹ́ iná, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ni. Ohun tí mo rí pé ó ṣeé ṣe ni kí ìyẹ̀wù-ohùn mélòó kan wà ní ẹ̀yìn àgbàlá, kí àwọn yàrá ìyókù sì ṣí sí atẹ́gùn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ èdè ló nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ti fa àṣìṣe ni *immersion*, èyí tí àwọn kan ń pè ní "ìrìbọ inú èdè". Ẹni tó bá rì sómi, wọ́n ń wá òkú rẹ̀ ni. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bá èdè gbé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìbágbé-èdè ni mo fẹ́, a sì ní àpẹẹrẹ rẹ̀ nítòsí. Ní ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, Badagry, nígbà tí owó kíkó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òkè òkun fún ọdún kan ti wọ́n kọjá agbára. Abúlé ni wọ́n pè é, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi yunifásítì ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n sì ti ń fi Faransé ṣe gbogbo rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Middlebury ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ pẹ̀lú èdè Jámánì láti ọdún 1915, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣèlérí pé òun kò ní sọ èdè mìíràn. Nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń wá kọ́ Yorùbá ní Ìbàdàn, wọ́n máa ń ní ìdílé tó gbà wọ́n lálejò. Ìyá onílé tó ní "ṣé o ti jẹun?" láàárọ̀ ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Fún ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ ilé ibùgbé fún ìbágbé-èdè, kò sí àwòrán tó dára ju agbo-ilé lọ: yàrá tó yí àgbàlá ká, ilé ìdáná kan tí gbogbo wọn ń lò, ibi tí ènìyàn kò ti lè gba ìta wọlé kó má kí ẹnikẹ́ni.

Nínú kíláàsì, àga ni ọ̀rọ̀ wà. Gbọ̀ngàn tí àga rẹ̀ jẹ́ àkànmọ́lẹ̀, tí gbogbo ojú kọ sí ọ̀kánkán, dára fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún níbẹ̀. Àga alágbèéká ló yẹ, ọ̀rọ̀ tí tẹlifóònù ti bá wa sọ di ti gbogbo ayé, kí a lè tò wọ́n ní agbo. Agbo ijó, agbo ìran, agbo ayò: gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹni tó bá wà lójú agbo kò lè fara pamọ́. Fún àwọn tó ń kọ́ èdè àwọn adití, ìjókòó alágbo di dandan, nítorí ọ̀rọ̀ tí ojú kò bá rí, a kò sọ ọ́. Ní Yunifásítì Gallaudet ní Washington, ní ọdún 2005 ni Hansel Bauman àti àwọn adití fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ilé ṣe yẹ kó rí fún wọn: ọ̀nà tó fẹ̀ kí ẹni méjì lè máa rìn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ tí kò gún ojú, igun ògiri tí kò dí ẹni tó ń bọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Ọ̀yọ́ àti irú rẹ̀ lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà, projẹ́kítọ̀ àti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà. Yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dá ìwé àti fídíò lò láìsí olùkọ́, yàrá ìdákọ́ ti tó. Ògiri tí wọ́n kùn kí ènìyàn lè kọ nǹkan sí i kó sì pa á rẹ́, ògiri àkọsí.

Ibi tó kù ni ibi tí mo rò pé èdè ti ń wọ ènìyàn lára jù, ìyẹn ìta kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tán, akẹ́kọ̀ọ́ méjì dúró, ọ̀kan ní "ṣé bí mo ṣe pè é yẹn dáa?", èkejì tún un sọ fún un. Àwọn ayàwòrán-ilé ti ní orúkọ gígùn fún irú ibi bẹ́ẹ̀. Pèpéle làwa ní, ìjókòó amọ̀ tí wọ́n ń mọ mọ́ ara ògiri, tí kò lẹ́sẹ̀, tí olè kò lè gbé. Bírikìlà Likosi ní búlọ́ọ̀kù ìlà méjì àti simẹ́ǹtì dídán lórí rẹ̀ ti tó. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8, pèpéle yóò gba ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀nà yóò sì ṣì wà fún ẹni tó ń kọjá. Kí wọ́n kọ pèpéle sínú àwòrán ilé láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí tí kò bá sí nínú àwòrán, kò ní sí nínú owó.