Ọwọ́ Bíríkìlà Lára Àwọn Ilé Ìtàn

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894, èrò pé lé èrò lórí ní òpópónà Martins ní Èkó. Mọ́ṣáláṣí tuntun ni wọ́n fẹ́ ṣí. Gómìnà Gilbert Carter jókòó níbẹ̀. Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì ará Liverpool tó gba Ìsìláàmù, gba orí òkun wá láti jẹ́ iṣẹ́ tí Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì rán an. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi oyè Bey dá Mohammed Shitta lọ́lá. Sàró ni wọ́n ti bí Shitta, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá tí oko ẹrú gbé débẹ̀. Òwò orí odò Ọya ló sọ ọ́ di olówó, owó ara rẹ̀ ló sì ná sórí mọ́ṣáláṣí náà. Ní 1895 ló jáde láyé.

Orúkọ Shitta Bey ni ilé náà ṣì ń jẹ́ títí dòní. Àwọn méjì kan wà tó yẹ kí orúkọ wọn máa tẹ̀lé tirẹ̀: João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà tó darí iṣẹ́ náà, àti Sanusi Aka, oníṣẹ́ ilé tó bá a kọ́ ọ. Bí èèyàn bá dúró níwájú mọ́ṣáláṣí yẹn tó wo ọ̀nà tó wà lára ògiri rẹ̀, àwọn òpó rẹ̀ àti orí fèrèsé rẹ̀, yóò rí i pé ọwọ́ tó ṣe é ti mọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil dáadáa.

Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn àwọn ilé àtijọ́ ní Nàìjíríà, ọba, olówó àti òyìnbó oníwàásù ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní Àgbádárìgì, èyí tí wọ́n parí ní 1845, orúkọ Townsend, Gollmer àti Samuel Ajayi Crowther ni àlejò máa ń gbọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó po ilẹ̀, tó to òkúta, tó gbé igi àjà sókè, kì í sábà wọ inú ìtàn. Àwọn Àgùdà ni wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀, torí pé orúkọ àwọn bíríkìlà wọn kan kò parun.

Ta ni wọ́n ń pè ní Àgùdà? Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tó padà wálé ni, àti ọmọ wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Bahia dìtẹ̀ sí àwọn olówó wọn. Malê ni wọ́n ń pe àwọn ọlọ̀tẹ̀ yìí ní Brazil, “ìmàle” ti Yorùbá gan-an sì ni. Ìjọba ibẹ̀ pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú. Láti ìgbà náà lọ, àwọn tó ti fi owó ra ara wọn padà náà bẹ̀rẹ̀ sí í darí sílé. Àwọn kan sọ̀ sí Ouidah, àwọn kan sí Àjàṣẹ́, àwọn kan sí Èkó, níbi tí wọ́n ti gba Pópó Àgùdà fún ibùgbé. Wọ́n kó èdè Potogí bọ̀, wọ́n kó frejon bọ̀, ẹ̀wà tí wọ́n fi àgbọn sè tí wọ́n ṣì ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: káfíńtà, télọ̀, bíríkìlà.

Ilé tí àwọn yìí ń kọ́ kò jọ agbo ilé tí Yorùbá mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú agbo ilé, àgbàlá ló wà láàárín, tí yàrá yí i ká, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì so wọ́n pọ̀. Ti Àgùdà kọjú sí títì. Ọ̀nà kan gba àárín ilé já sẹ́yìn, yàrá wà lápá ọ̀tún àti òsì, àtẹ̀gùn gun òkè, fèrèsé sì ga tó èèyàn. Iwájú ilé ni ẹwà rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni bíríkìlà ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Yóò kọ́kọ́ rẹ́ ògiri. Bó bá ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ tí kò tíì le, yóò tún lé sìmẹ́ńtì sí ibi tí òdòdó máa wà, yóò fi ṣóńṣó irin gé etí ewé jáde, yóò wá fi omi díẹ̀ àti ìka ọwọ́ dán an. Bó bá yá jù, sìmẹ́ńtì á ṣàn dànù. Bó bá pẹ́ jù, ewé á kán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Holy Cross àkọ́kọ́ tí àwọn Kátólíìkì ní lÉkòó. Wọ́n ti wó ìyẹn, òmíràn ló wà níbẹ̀ báyìí. Ilé Omi tó wà ní òpópónà Kakawa pẹ́ jù ú lọ. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n jí gbé tà sí Brazil nígbà tó wà ní kékeré, ló ni ín. Kàǹga tó wà nínú ọgbà rẹ̀, tí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú nígbà náà, ló fún ilé náà lórúkọ. Antonio Olinto, òǹkọ̀wé ará Brazil, fi orúkọ Ilé Omi yìí sọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tó jáde ní 1969.

Èyí tó dunni jù ni Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ sí gbàgede Tinubu ní nǹkan bí ọdún 1855, ọtí àti oúnjẹ ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1933, Alfred Omolona Olaiya, ọmọ Èkìtì, ra ilé náà. Òun ni bàbá Victor Olaiya tó fi fèrè kàkàkí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú orin highlife. Ní 1956, ìjọba kọ ilé náà mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí roboto lórí, irin tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sì yí bákónì òkè ká. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí òfin ti dáàbò bò ó, katakata wó o palẹ̀. Ilé tó lé ní àádọ́jọ ọdún di òkìtì alápá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó mọ iye ọjọ́ tó ń gbà láti fi ọwọ́ ṣe òdòdó kan sára ògiri kò lè gbọ́ ìròyìn náà kí inú rẹ̀ má bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àwọn Àgùdà kò dúró sí Èkó. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn gbé e lọ sí òkè. Nígbà tí owó kòkó dé, kò sí ìlú tí olówó rẹ̀ kò fẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olódòdó: Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Iléṣà, Òṣogbo. Àwọn kan ní kí wọ́n fi kìnnìún sìmẹ́ńtì sórí òpó.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà, gbé ní Ìbòkun Road, Òṣogbo. Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915. Òun àti Ulli Beier, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, dé Nàìjíríà ní 1950. Ó bọ́ sínú ìsìn òrìṣà, ará ìlú sì ń pè é ní Àdùnní. Àwọn kìnnìún orí ilé Àgùdà yẹn wú Beier lórí, ó sì ní kí àwọn bíríkìlà ìlú dán ẹranko sìmẹ́ńtì wò. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè ní oníṣẹ́ ọnà rí, gbé tirẹ̀ jáde, ojú sì rí i pé ẹ̀bùn ni.

Láti ibẹ̀ ni Àkànjí ti bá Àdùnní wọ igbó Ọ̀ṣun. Igbó náà ti wà nínú ewu nígbà náà: agégẹdú ń bọ̀, àgbẹ̀ ń bọ̀, àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ ń bọ̀. Ère ni wọ́n fi dí wọn lọ́nà. Àkànjí mọ ògiri àti ẹnubodè tó kún fún èèyàn àti ẹranko. Kasali Akangbe gbẹ́ òpó, Buraimoh Gbadamosi gbẹ́ òkúta, Àdùnní mọ ojúbọ tó ga ju ilé lọ. Ibi tí ojúbọ bá ti dúró báyìí, ó ṣòro fún ayùn láti dé. Ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìrántí ní 1965. Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìn-ín-ní 2009, Àdùnní kú ní Òṣogbo, ẹni ọdún 93.

Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, arugbá á ru igbá kọjá lẹ́bàá àwọn ògiri wọ̀nyí lọ sódò, ogunlọ́gọ̀ á tẹ̀ lé e. Òjò tó ń rọ̀ lásìkò náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ère, nítorí amọ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pẹ́ jù, sìmẹ́ńtì kàn bò wọ́n lára ni. Bí ògiri bá sán, omi á gba ojú ibẹ̀ wọlé, á sì máa fọ amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn oníṣẹ́ á padà wá. Wọ́n á ha ewéko tó hù kúrò lára ère, wọ́n á la ojú sísán náà kó fẹ̀ tó ìka, wọ́n á bu omi wọ́n ọn, wọ́n á sì máa fi sìmẹ́ńtì dí i láti inú bọ̀ síta.